Ìwé Sọ́jà Tí Wọ́n Gé Sí Méjì

— Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

— Ohùn yín kò jáde. Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o, Màmá!

— Ó dáa. Àlọ́ mi gbéra, ó ń lọ. Kò yà sílé ìjàpá, kò kí ẹkùn. Ó gba ojú rélùwéè láti Ìkìrun, ó kọjá Ìnísà wa níbí, ó di Òkukù, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Mojíbọ́lá aránṣọ, ọmọ Ọlọ́rundáre sọ́jà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Màmá Òkukù yín náà ni, ẹni tó rán yunifọ́ọ̀mù tí ẹ ń wọ̀ lọ sílé ìwé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọlọ́rundáre lẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wa bí, èmi ni mo tẹ̀lé e. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyálé ti Ìkìrun wá, ó bí Ayọ̀dàmọ́lá. Ìyàwó kejì, Títílayọ̀, ará Òkukù ni, ó bí Mojíbọ́lá. Ọkọ àtàwọn ìyàwó, gbogbo wọn ti sùn.

Mojíbọ́lá kò jókòó lásán rí láyé rẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ tó ti ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìdí ọjà Òkukù kọjá láàárọ̀ á gbọ́ ọ, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí adìyẹ ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, òun ló ń rán an. Kò sí wòlíì ìlú náà tí kò mọ ìbú ejìká rẹ̀. Ó sì lẹ́nu! Bí oníbàárà bá ní, “Ìyá Ṣìkẹ́mi, ẹ ò tíì parí aṣọ mi?” á ní, “Ìwọ ni o ò tíì parí sísanra. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wọ̀n ọ́, wo bí ikùn rẹ ṣe dà.” Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á jókòó, á dúró de aṣọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀.

Ẹ má wojú ara yín. Ẹ̀yin lẹ ní kí n pàlọ́. Nígbà ogun abẹ́lé ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ ti wọ iṣẹ́ sọ́jà, ó wà lójú ogun lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ọdún kan àti ààbọ̀ ti lọ tí ẹnikẹ́ni kò ti fojú kàn án nílé. Ni ikùn Títílayọ̀ bá yọ. Àwọn ará agboolé ń fi ìka ka oṣù. Ìyálé kò tiẹ̀ ka oṣù ní tirẹ̀, orin ló ń kọ nídìí odó: “Ọkọ ń bẹ lógun, oyún ń bẹ nílé, atẹ́gùn wo ló gbé e dé?” Títílayọ̀ á máa gbọ́, á máa gbálẹ̀ lọ.

Nígbà tí ogun parí tí Ọlọ́rundáre dé, ó gbé Mojíbọ́lá lé ọrùn, ó gbé e yí agboolé ká, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan. Gbogbo ẹnu pa mọ́. Ta ló tó sọ̀rọ̀ níwájú sọ́jà? Ìgbà tó kú tán ni ẹnu tún là.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ogún Ọlọ́rundáre, ìdí igi ni wọ́n fi pín in, bí a ti máa ń ṣe: ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti ọmọ tirẹ̀, ìdí kan. Ìdí méjì, ìpín méjì. Oko kòkó, wọ́n là á láàárín. Yàrá méjì síhìn-ín, yàrá méjì sọ́hùn-ún. Ó wá ku ìwé kan tí àwọn ológun fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì, èyí tó máa ń mú dání tó bá ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé pupa rúsúrúsú bí ewé kòkó tó gbẹ, àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyálé ní òun ni ìyá àkọ́bí, òun ló ni ín. Títílayọ̀ ní ìwé náà kò ní bá ẹnì kan ṣoṣo lọ. Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà ní, “Ṣé ohun tó ń bọ́ ìdí méjì ni ìdí kan fẹ́ gbé sá lọ? Ẹ mú sísọ́ọ̀sì wá.”

Wọ́n ká ìwé náà láàárín, wọ́n gé e láti òkè délẹ̀. Àwòrán àti orúkọ bá ìyálé lọ sí Ìkìrun. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun bá Títílayọ̀ lọ sí Òkukù. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a ní bàbá gbọ́n. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Ó wá di èṣí, ẹbí ní àwọn fẹ́ tẹ ìwé ìtàn agboolé wa, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi lè mọ ẹni tó bí wọn. Ayọ̀dàmọ́lá ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ náà, nítorí pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti kọ́lé sí Ìkìrun. Mojíbọ́lá lọ bá a níbẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ bá mi kọ tèmi sábẹ́ tiyín.”

Ayọ̀dàmọ́lá yọ awò ojú rẹ̀. “Mojí, èmi àti ẹ ò jà. Aṣọ tó wà lọ́rùn mi yìí, ìwọ lo rán an.”

“Ìdí nìyẹn tó fi bá yín lára mu.”

“Gbọ́ mi ná. Ọ̀rọ̀ ẹnu, èèyàn lè kó o jẹ. Tí wọ́n bá ti tẹ̀wé, ó parí. Àwọn àgbà ní kí n má kọ ẹnikẹ́ni tí iyàn wà lórí rẹ̀ láìsí ẹ̀rí. Mú ẹ̀rí wá pé bàbá wálé láàárín ọdún tí wọ́n fi lóyún rẹ, ọwọ́ ara mi ni màá fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọdún Àjíǹde, ìwé á lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.”

Ibi tó ti wá nìyẹn tó wá jókòó sórí àpótí yìí gan-an, tó ń sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ìyá àgbà tó ní ọmọ-ọmọ. Ó ní, “Ìyá, ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ìlà kan péré nínú ìwé.”

Mo ní kó nu ojú rẹ̀. Mo ní, “Bàbá rẹ wálé. Èmi ni mo se oúnjẹ fún un.”

Òótọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́dún náà, ètè gbogbo ayé ló là. Mo wà ní abà wa lẹ́bàá odò Ọ̀tìn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bó ẹ̀gẹ́, ni mo bá rí ọkùnrin kan tó ń ti ojú rélùwéè bọ̀, tó fi aṣọ bo orí. Àfi bó ti pè mí lóríkì ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, “Lọ bá mi pe Títílayọ̀ wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.”

Mo ní, “Ìyálé ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹnikẹ́ni ni mo wí.”

Ẹ̀rín ló pa mí. Ẹ mọ̀ pé bí ọkọ bá ti ìrìn àjò dé, yàrá ìyálé ló ń kọ́kọ́ sọ ẹrù sí. Mo rò pé ìyálé ló ń sá fún. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, sọ́jà ń bẹ̀rù obìnrin!” Òun kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nínú abà náà, òun àti Títílayọ̀, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, mo bi í pé ta ló ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi kan. Láràárọ̀ tí wọ́n bá pe orúkọ mi, òun ló ń bá mi dáhùn. Tó bá di tirẹ̀, èmi náà á bá a dáhùn.”

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àáró ni. Lónìí ẹ wá bá mi ro oko mi, lọ́tùn-únla mo wá bá yín ro tiyín. Kí ló burú nínú àáró?

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ẹbí lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ogún, àyàfi ti ọ̀rẹ́ yẹn tí n kò kà sí nǹkan kan. Wọ́n ní mò ń gbè sẹ́yìn Títílayọ̀ nítorí pé òun ló wẹ ọmọ fún mi nígbà tí mo bímọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Mojíbọ́lá pé, “Lọ wá ìwé bàbá rẹ jáde lọ́dọ̀ àwọn ológun. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ. Bàbá rẹ sọ fún mi pé bí bọ́tìnnì kan bá já lára aṣọ wọn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn á wà níbẹ̀.”

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹlòmíràn.

Mojíbọ́lá àti ọmọ rẹ̀ Olúwaṣìkẹ́mi, tíṣà ni, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní ibẹ̀ kọ́. Èkejì ní ibẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mójú tó ìwé àtijọ́ kò sí níjókòó. Wọ́n padà lọ. Ẹni náà wà níjókòó lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ ìdajì ìwé tí wọ́n gbé fún un wò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, “Màmá, ìdajì sọ́jà lẹ gbé wá. Ìdajì tó kù ńkọ́?” Ó ní nọ́ńbà láìsí orúkọ kò ní ṣeé ṣe, kí wọ́n lọ mú ojúlówó rẹ̀ wá, àwòrán inú fóònù kò tó.

Bí èmi náà ṣe gun ọ̀kadà lọ sí Ìkìrun nìyẹn, lọ́jọ́ orí mi yìí, èmi láàárín, Ṣìkẹ́mi lẹ́yìn, tí mo ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà létí. Mojíbọ́lá ti ṣáájú wa débẹ̀. Ayọ̀dàmọ́lá fún wa lómi, ó fún wa ní bisikíìtì. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó mi orí.

“Màmá Ìnísà, ìyá mi sọ fún mi kó tó kú pé ìwé yẹn kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ilé yìí.”

“Ìyá rẹ ti kú,” ni mo wí. “Èmi ò tíì kú.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo bá fọwọ́ ti àga, mo ká ìró mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó fò dìde bí ẹni tí àkekèé ta. “Ẹ gbà mí o! Àbúrò bàbá mi fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi! Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Kí ni mo ṣe fún yín?”

“Mi ò tíì kúnlẹ̀. Orúnkún ló ń dùn mí, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Yára gbé ìwé náà wá kí n tó kanlẹ̀.”

Inú Bíbélì ló ti mú un jáde. Mojíbọ́lá tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ aránṣọ tì wọ́n títí etí wọn fi wọlé síra, kò sí àlàfo níbì kankan. Kò tíì rí ojú bàbá rẹ̀ nínú ìwé yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e. Ó wò ó pẹ́. Ó wá yíjú sí dígí tó wà lára ògiri.

“Bọ̀dá mi, ẹ wo imú yìí.”

“Imú kì í ṣe ẹ̀rí, Mojí.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Òun náà ti wo imú náà tẹ́lẹ̀, mo rí i.

Mojíbọ́lá àti Ṣìkẹ́mi gbé ìdajì méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n á ní, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé lọ sí ìsinmi. Wọ́n ń kó àwọn fáìlì láti yàrá kan sí òmíràn. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì wọlé. Mojíbọ́lá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, láìmu omi. Iṣẹ́ dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́; ó rán apá òsì mọ́ ejìká ọ̀tún fún ìyàwó olùṣọ́àgùntàn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè. Láràárọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù. “Ìyá, ẹ tún sọ ọ́ fún mi. Aṣọ wo ló wọ̀? Kí lẹ sè fún un?” Mo máa ń tún un sọ. Mo ní ẹ̀bà ni, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún Àjíǹde pé kí lẹ́tà tó dé, nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀. Ṣìkẹ́mi fẹ́ já a. Mojíbọ́lá gbá a lọ́wọ́. Ó ní níwájú bọ̀dá òun ni wọ́n á ti já a, kí ẹnikẹ́ni má baà ní àwọn yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Ó wọ léèsì. Ó di gèlè. Ó ra ọsàn dání.

Pálọ̀ Ayọ̀dàmọ́lá la jókòó sí. Ṣìkẹ́mi ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ka orúkọ Ọlọ́rundáre. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀. Ó ka ọjọ́ tó wọṣẹ́, ó ní Ìnísà ni wọ́n kọ sí ìlú rẹ̀. Mojíbọ́lá mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka ibi tí ó ti jagun. Ó wá kan ibi tí wọ́n kọ ìsinmi sí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

“Láti oṣù kẹfà ọdún 1968 títí ogun fi parí, kò gba ìsinmi kankan. Kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kankan.”

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 ni wọ́n bí Mojíbọ́lá. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

Mojíbọ́lá ní, “Tún un kà.”

Ṣìkẹ́mi tún un kà.

“Tún un kà.”

Mo ní, “Ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò sí níbẹ̀? Ìgbà ọyẹ́?”

“Kò sí, Màmá.”

Mo ní irọ́ ni, ìwé náà ń purọ́, èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ti ọ̀rẹ́ tó ń bá a dáhùn láràárọ̀. Ayọ̀dàmọ́lá fọwọ́ bo ẹnu.

“Màmá, kò gbàyè nìyẹn. Ńṣe ló sá wálé. Tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, wọ́n lè yìnbọn fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kì í ṣe tìtorí ìyá mi.”

Ẹ̀yin ọmọ, ogun ọdún lọ́nà mẹ́ta dín díẹ̀ ni mo fi rò pé obìnrin ni ẹ̀gbọ́n mi ń sá fún. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn dáadáa, ó dáhùn títí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé pé Ọlọ́rundáre wà níbẹ̀.

Mo bi Ayọ̀dàmọ́lá pé, “Ṣé o gbà báyìí pé ó wá?”

“Mo gbà pé ẹ̀yin rí i.”

“Kọ ọ́, nígbà náà.”

“Màmá, kí ni màá fi han àwọn tó kù? Tẹ́lẹ̀, iyàn lásán ni. Àwọn kan lè jà fún un. Ní báyìí, òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lórí rẹ̀ pé bàbá kò kúrò lójú ogun, ẹ̀yin lẹ sì ní kí wọ́n lọ mú un wá.” Ó ń wo ilẹ̀. “Ẹ bá mi ronú. Kí lẹ ní kí n ṣe?”



Mojíbọ́lá ká lẹ́tà náà bí wọ́n ṣe ká a tẹ́lẹ̀, ó fi sínú báàgì. Ó ní, “Bọ̀dá mi, aṣọ ọdún yín ti parí. Ṣìkẹ́mi á gbé e wá lọ́la.” Ó dìde. Ó gbàgbé ọsàn rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú mọ́tò, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó tiẹ̀ bú mi. Ó ní, “Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kí n bú yín sí? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ mí.”

Wọ́n ti tẹ ìwé náà. Ọ̀kan wà nínú yàrá mi. Ṣìkẹ́mi ní Ayọ̀dàmọ́lá fi àyè ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. Mojíbọ́lá ṣì ń rán aṣọ. Kò pè mí láràárọ̀ mọ́.

— Màmá, ṣé kí n lọ mú bírò wá?

— Bírò kí ni, Àánúolúwa?

— Kí n kọ orúkọ wọn síbi àyè yẹn.

— Jókòó. Igba ìwé ni wọ́n tẹ̀, ọmọ mi. Ẹyọ kan ló wà nílé wa.

— Ẹ̀yin rí bàbá wọn! Ẹ lọ sọ fún wọn!

— Mo ti sọ, Olúwajùwọ́n. Ṣé o ò gbọ́ àlọ́ ni?

Ó tó. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan sí i, kí agogo ẹnu mi yadi lálẹ́ yìí. Ẹ dákẹ́, ẹ tẹ́tí: pó! pó! pó! Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́ ọ?

— A gbọ́ ọ, Màmá.

— Ayọ̀dàmọ́lá náà gbọ́ ọ nígbà tí mo lù ú ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ibo ni òun ó kọ ọ́ sí.

Ẹ dìde. Àánúolúwa, tú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sílẹ̀ fún àbúrò rẹ. Olúwajùwọ́n, lọ tọ̀ kóo tó dùbúlẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè nǹkan kan mọ́ lónìí. Ẹ lọ sùn.